Girama Ìjọba Mẹ́ta Nínú Ìlú Kékeré: Èwo Lẹ Fẹ́ Mú?

Bí ìlú kò bá tóbi, girama ìjọba ibẹ̀ kì í pọ̀. Èyí tó lórúkọ jù máa ń wà láàárín ìgboro, ọmọ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Òmíràn kéré, ó wà létí ìlú níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé tuntun. Ẹ̀kẹta ni tẹ́kíníkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ìwé. Àwọn òbí kan á ní kò sí ìyàtọ̀, ṣebí ìjọba ló ni gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ wà, ó sì pọ̀.

Èsì ìdánwò

Ibí ni ojú gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń rí wa mú. Ká ní girama ìgboro kọ ọ́ sára géètì pé 95 nínú 100 àwọn tó ṣe ìdánwò àṣekágbá ló yege, tí ti etí ìlú sì jẹ́ 85. Ẹ má tíì sáré gba fọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè iye ọmọ tó bá ẹgbẹ́ náà wọlé lọ́dún àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ 200 ló wọ ti ìgboro, tí 120 péré ṣe ìdánwò, tí 114 yege, 57 nínú 100 ni wọ́n mú débi tó yẹ. Bí 150 bá wọ ti etí ìlú, tí 146 ṣe ìdánwò, tí 124 yege, bíi 83 nínú 100 nìyẹn. Àwọn 80 tí wọn ò rí ní ìgboro ńkọ́? Àwọn kan lè ti kó kúrò nílùú lóòótọ́. Àwọn míì lè jẹ́ ọmọ tí wọ́n rọra tì sẹ́yìn kí wọ́n má baà ba èsì jẹ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ìbéèrè yìí bá ń bí nínú ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Ẹ tún wò ó pé irú ọmọ wo ni wọ́n ń gbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ṣa àwọn tó mọ̀wé jù níbẹ̀rẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ fi yangàn? Ní England, lọ́dún 2016, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Progress 8: wọ́n á fi èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan wé ti àwọn tí máàkì wọn dọ́gba nígbà tí wọ́n parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tó gbé ọmọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè á hàn níbẹ̀.

Olùkọ́ àti kíláàsì

Wọ́n á sọ fún yín pé kíláàsì kékeré ló dáa jù. Ìwádìí tó lókìkí jù lórí èyí bẹ̀rẹ̀ ní Tennessee, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1985: àwọn tó wà ní kíláàsì ọmọ 13 sí 17 ṣe dáadáa ju àwọn tó wà ní ti 22 sí 25 lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n lò, kì í ṣe ọmọ girama. Èmi ò ní torí èyí nìkan mú ti etí ìlú. Ohun tí màá béèrè ni pé, ṣé olùkọ́ ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì wà níkàlẹ̀? Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré lè ní olùkọ́ kẹ́mísírì kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tó bá gba ìsinmi ìbímọ, ẹ̀kọ́ dúró nìyẹn. Ti ìgboro a máa ní méjì, mẹ́ta, àti orin àti èdè ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú. Ọmọ tó ti mọ ohun tó fẹ́ kọ́, ìgboro ló máa bá a mu.

Ẹ wọ inú láàbù. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi wò bóyá omi ń jáde. Ẹ wo eruku ọrùn ìgò. Kẹ́ ẹ sì bi ọmọ tó bá ń kọjá léèrè, kì í ṣe olùkọ́: ìgbà wo lẹ lo èyí kẹ́yìn?

Tẹ́kíníkà

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó olódo sí. Ní Switzerland, bíi ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọ̀dọ́ ló ń gba ọ̀nà ẹ̀kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tó jẹ́ dandan. Ohun méjì péré ni kẹ́ ẹ wádìí: ọmọ mélòó ló ń pín ẹ̀rọ kan lò, àti ṣé yunifásítì ń gba ìwé ẹ̀rí wọn.

Ọ̀nà

Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà fi sọ lọ́dún 2014 pé kí girama má bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago 8:30 àárọ̀. California sọ ọ́ di òfin fún àwọn girama rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín rin ọ̀nà náà láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Bí ọmọ bá ní láti jí ní aago márùn-ún kó tó rí ọkọ̀ wọ̀ dé ìgboro, ti etí ìlú tí olùkọ́ rẹ̀ pé ló sàn jù, ohun yòówù kí géètì wí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ilé nítorí ilé-ẹ̀kọ́

Ní ọ̀pọ̀ ibi, àdúgbò tẹ́ ẹ ń gbé ló ń pinnu girama tí ọmọ yín á wọ̀, wọ́n sì lè tún ààlà náà fà nígbàkigbà. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe ajẹ́ńtì, kẹ́ ẹ sì gba ìdáhùn náà lórí ìwé kẹ́ ẹ tó san owó.