Mo sanwó kọ́ ẹ̀bẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìkòròdú

Aṣọ ni mo ń rán ní Ìgbógbó. Ẹ̀rọ mẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ méjì. Ohun tó gbé mi dé kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, apá bùbá ni. Oníbàárà mi kan wà ní Houston, ọmọ Jàmáíkà tó fẹ́ ọmọ Yorùbá. Ó fi ìwọ̀n ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo ra léèsì, mo rán an, mo fi ránṣẹ́. Ó kọ 16 síbi apá, èmi kà á sí 13. Apá ò wọlé. Ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ló sì fẹ́ wọ̀ ọ́.

Mo kọ̀wé sí i pé, "Sorry ma. Please don't be angry." Lójú tèmi, mo ti kúnlẹ̀ tán nìyẹn. Èsì tó fi ránṣẹ́ ni, "Don't tell me how to feel." Mo kà á títí, kò yé mi. Mo gbé fóònù fún ọmọ mi obìnrin, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n ní kí ẹ má pàṣẹ fún àwọn bí inú àwọn ṣe máa rí." Àṣẹ ké? Ta ló ń pàṣẹ? Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀!

Bí mo ṣe dé Sábó nìyẹn o. Mi ò ní dárúkọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa, nítorí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ níwájú. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ilé oògùn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀, 15,000 náírà. Wọ́n ní ti lẹ́tà kíkọ, wọ́n ní ti ọjà, wọ́n sì ní èyí tí mo tìtorí ẹ̀ lọ: Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan dun èèyàn, àti èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀. Àwa mọ́kànlá la wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì méjì tó ń múra Ìlú Ọba, bàbá kan tó ń wa mọ́tò fún iléeṣẹ́ kan ní Ọdọ́gùnyàn, àti ìyá kan tó ń ta ẹja ní Ẹ̀búté, tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ò gbọ́ Yorùbá kankan. Àwọn yòókù kéré sí ọmọ mi.

Tíṣà wa náà kéré sí ọmọ mi, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tíì kí wa tán tí báírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ké pọ̀ pé, "Sorry!" Ó wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin màmá mi, ta ló gbá a bọ́ lọ́wọ́ mi nínú yín?" Ó ti mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀ ni.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni mo sì sanwó fún. Àwa ní "pẹ̀lẹ́", a ní "má bínú". Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, "pẹ̀lẹ́" là ń kí i, bí a ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ẹni tí a ṣẹ̀ la ń sọ fún pé kó má bínú. Tí a bá wá dé inú Gẹ̀ẹ́sì, a ó ká méjèèjì pọ̀ sínú "sorry" kan ṣoṣo. Tíṣà ní òyìnbó náà máa ń sọ "sorry" fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tàbí tí àjálù ńlá bá, ṣùgbọ́n tó o bá sọ ọ́ fún ẹni tí ike omi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó lè wo ojú ẹ pé kí lo ṣe. Pé irú ibẹ̀ yẹn, "Are you all right?" ni wọ́n máa ń bi ara wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Èmi ò kọ nǹkan kan, Houston ni ọkàn mi wà.

Nígbà tó yá mo nawọ́ sókè, mo ka èsì oníbàárà mi fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní "ẹ má bínú" kì í ṣe àṣẹ ní Yorùbá, ìkúnlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí "don't" bá ti ṣíwájú ọ̀rọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, etí òyìnbó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọdé tó fẹ́ fọwọ́ kan iná. Ó ní kí n fi ìbínú obìnrin náà sílẹ̀ fún un, ohun tí ọwọ́ tèmi ṣe ni kí n sọ. Ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ mo ti ń sọ ọ́ sódì fún àwọn oníbàárà láti ọjọ́ tí mo ti ń gba iṣẹ́ òkè òkun.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni a ṣe oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan dun èèyàn. Mo fi tèmi ṣàlàyé sínú ìwé mi báyìí: "upset", inú mi ò dùn ṣùgbọ́n mo ṣì lè jẹun, "hurt", ó dùn mí wọra, oúnjẹ ò lọ, "offended", o fojú di mí, "disappointed", ojú tí mo fi ń wò ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti yàtọ̀. Tíṣà ní ìyẹn tó gbẹ̀yìn ló jọ pé ó rọ̀ jù létí, òun náà ló sì burú jù tó bá ti ẹnu òbí tàbí ọ̀gá jáde. Ó ní "hurt" kì í yí padà, ti àná àti ti òní, bákan náà ni. Ó ní láti inú Faransé àtijọ́ ló ti wá, pé kí nǹkan kọlu nǹkan. Pípè rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ìyá ẹlẹ́ja ń pè é bí "hot", ó ní, "You hot me," bàbá awakọ̀ sì dáhùn pé, "Màmá, ṣé ẹja ni yín ni, tí ọmọ-ọmọ yín fi ń yan yín?" A rẹ́rìn-ín débi tí ẹni tó ń ta oògùn fi gòkè wá wò wá.

"Apology" tún ya mi lẹ́nu. Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni àwíjàre. Àwíjàre! Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tọrọ àforíjì lónìí, ẹni tí kò gbà pé òun jẹ̀bi ló kọ́kọ́ ni ín. Mo mọ̀ ju èèyàn mẹ́wàá lọ tí wọ́n ṣì ń lò ó bíi ti àwọn Gíríìkì.

Lọ́jọ́ kan Tíṣà kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: "I am sorry if you were offended." Ó ní kí ló ṣe é. Bàbá awakọ̀ ní kò sóhun tó ṣe é, pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀gá òun sọ fún òun lọ́dún tó kọjá. Tíṣà fi ọwọ́ bo "if" mọ́lẹ̀. Bàbá wò ó, wọ́n dákẹ́, wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní, "Háà. A jẹ́ pé kò tíì bẹ̀ mí." Wọn ò sọ nǹkan míì títí a fi jáde. Ní ti tiwa, "bí mo bá ṣẹ̀ yín" kò burú, àgbàlagbà tó fẹ́ jókòó lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gígùn níbi ìnáwó lè sọ ọ́, ọ̀wọ̀ ni. Èmi ò gbà pé ká tìtorí Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ nù.

Ẹ wá gbọ́ ẹjọ́ tí mo ní. Àkọ́kọ́, owó ìwé. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀ nígbà tí mo ń san 15,000. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ní 3,000 míì. Ìwé ọ̀hún, fọ́tókópì ni, ó ṣókùnkùn bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ojú ewé mẹ́rin ò sì sí nínú rẹ̀. Ojú ewé mẹ́rin yẹn gan-an ni wọ́n kọ bí èèyàn ṣe ń gba ẹ̀bẹ̀ sí. Tíṣà ṣèlérí pé òun máa mú un wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, n kò rí i. Wọ́n sì lo odindi ìrọ̀lẹ́ kan lórí "I beg your pardon", tí mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ sí mi láti ọjọ́ tí mo ti dáyé. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń bú ramúramù, ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn ò lè gbọ́ "hurt" yàtọ̀ sí "heart".

Èyí tó dùn mí jù ni Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò rọ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìgbógbó, omi gbá ìdajì ọ̀nà, mo débẹ̀, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Wọn ò pè wá, wọn ò kọ nǹkan kan sórí WhatsApp. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo bi bàbá tó ń gbowó. Ó ní, "Sorry for the inconvenience, ma." Nínú kíláàsì ẹ̀bẹ̀! Mo ní, "Tíṣà yín kọ́ wa pé ká dárúkọ ohun tí a ṣe." Ó rẹ́rìn-ín, ó ń bá owó kíkà rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, n kò ní parọ́, ó ṣiṣẹ́ fún mi. Lọ́sẹ̀ karùn-ún mo jókòó ti fóònù, mo kọ ọ́ láìsí "don't", láìsí "if": "I read 16 as 13 and cut your sleeve too small. It was my fault. I am sorry. I will sew another one and pay to send it." Wákàtí mẹ́ta, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé pé, "Thank you for owning it."

Mo jókòó sílẹ̀. Ohun tó yé mi ni pé ó ní kí n di olówó aṣọ náà, pé òun ò ṣe mọ́, ó ti yọwọ́. Mo ti ń ronú ẹni tí apá rẹ̀ jẹ́ 13 ní gbogbo Ìkòròdú tí mo lè tà á fún. Tíṣà ló là mí lójú: obìnrin náà ní òun dúpẹ́ pé mo gba ẹ̀bi mi. Ó ti fi ìwọ̀n tuntun ránṣẹ́, ó kọ 16 lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi lẹ́tà kọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ béèrè owó ìwé kẹ́ ẹ tó sanwó kíláàsì, kẹ́ ẹ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé iwájú, ariwo jẹnẹrétọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Èmi náà á padà lọ tí wọ́n bá rí ojú ewé mẹ́rin yẹn. Oníbàárà mi ti Houston ti kọ̀wé pé kí n má ṣe ìyọnu mọ́, n ò sì mọ ohun tó yẹ kí n fi dá a lóhùn.