iPhone àti Pixel: Èwo Ni Kẹ́ Ẹ Rà Bí Ọ̀rọ̀ Àṣírí Bá Jẹ Yín Lógún?

Lóṣù kìíní ọdún 2019, bí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe ń kóra jọ sí Las Vegas fún ìpàtẹ CES, Apple lẹ pátákó ìpolówó gàgàrà kan mọ́ ara ilé kan nítòsí ibẹ̀. Ohun tó wà lára rẹ̀ ni pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí iPhone yín, orí iPhone yín náà ló máa mọ. Gbólóhùn yẹn ti ta fóònù púpọ̀. Títí dòní, bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ ra Android, ẹlòmíràn á sáré sọ fún un pé Google á máa ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ẹni tó ń lo Android náà á sì fèsì pé orúkọ lásán ni oníPhone ń fowó rà.

Lójú tèmi, ìbéèrè kan ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra fóònù kọ́kọ́ bi: nínú nǹkan mi tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ yìí, èwo ni àwọn fúnra wọn ò lè ṣí wò, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́? Ààbò gidi nìyẹn. Èyí tí wọ́n lè ṣí, tí wọ́n kàn ní àwọn ò ní ṣí, ìlérí ni, ìlérí sì ti yẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Onílé tó ní kọ́kọ́rọ́ kejì sí yàrá yín lè jẹ́ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo mú Pixel nínú gbogbo Android torí pé Google fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Samsung, Tecno tàbí Infinix, gbogbo ohun tí mo bá sọ nípa akáǹtì Google kàn yín.

Ibi tí owó wọn ti ń wá

Apple ń ta ẹ̀rọ. iPhone nìkan ló ń mú nǹkan bí ìdajì owó tó ń wọlé fún un wá. Google ní tirẹ̀ ń ta àyè ìpolówó: lọ́dún 2023, nínú nǹkan bíi $307 bílíọ̀nù tó wọlé fún Alphabet tó ni Google, nǹkan bíi $238 bílíọ̀nù ló tìdí ìpolówó wá. Ẹni tó ń ta ìpolówó gbọ́dọ̀ mọ̀ yín dáadáa: ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ohun tẹ́ ẹ ń wá, fídíò tẹ́ ẹ wò dópin. Lórí èyí, Apple ló ṣeé fọkàn tán jù, torí òwò tirẹ̀ lè gbilẹ̀ láìmọ̀ wá tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé Google lọ sílé ẹjọ́ pé ó ń dá nìkan jẹ ọjà ìwánǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ẹjọ́ náà fi hàn pé lọ́dún 2022 nìkan, Google san $20 bílíọ̀nù fún Apple kí Safari, áàpù tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì lórí iPhone, lè máa wá nǹkan sọ́dọ̀ Google. Nítorí náà, ẹni tó ra iPhone tí kò yí ibi ìwánǹkan yẹn padà, Google ló ṣì ń bi ní gbogbo ohun tó bá ru ú lójú: àìsàn tó ń ṣe é, gbèsè tó jẹ, ilé ìwé tó fẹ́ fi ọmọ sí. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Safari, ẹ tẹ Search Engine, ẹ mú DuckDuckGo, ibi ìwánǹkan mìíràn. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ìlérí tó yẹ̀

Lóṣù keje ọdún 2019, oṣù mẹ́fà péré lẹ́yìn pátákó Las Vegas, ìwé ìròyìn The Guardian nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde pé àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn tí Siri, olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú iPhone, gbà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àárín dókítà àti aláìsàn wà níbẹ̀, èyí tí Siri ṣèèṣì gbà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè é. Apple dá iṣẹ́ náà dúró, ó tọrọ àforíjì, ó sì ní ẹni tó bá fọwọ́ sí i nìkan ni àwọn á máa gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìròyìn jáde pé ó gbà láti san $95 mílíọ̀nù kí ẹjọ́ tó tìdí rẹ̀ yọ lè parí, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Ọwọ́ Google náà ò mọ́ nínú irú èyí. Oṣù keje 2019 yẹn náà ni VRT, ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan ní Belgium, gbọ́ àwọn ohùn tí Google Assistant gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn aráàlú.

Èyí tó dùn mí jù lọ́wọ́ Google ni ti ibi téèyàn ń lọ. Lóṣù kẹjọ 2018, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Associated Press tú u fó pé ẹni tó ti pa Location History, ìyẹn bọ́tìnnì àkọsílẹ̀ ibi téèyàn ń lọ, Google ṣì ń kọ àwọn ibi tó dé sílẹ̀, torí pé bọ́tìnnì mìíràn tó ń jẹ́ Web & App Activity ṣì wà ní títàn. Ẹ wo bó ṣe rí lójú ẹni tó ń lò ó. Ó wá bọ́tìnnì tó dárúkọ ohun tí kò fẹ́, ó rí i, ó pa á, bọ́tìnnì náà di aláwọ̀ eérú. Iṣẹ́ yẹn gan-an sì ń lọ lábẹ́ bọ́tìnnì kejì tí orúkọ rẹ̀ ò jọ ti ibi téèyàn ń lọ rárá. Ìpínlẹ̀ 40 ní Amẹ́ríkà para pọ̀ gba $391.5 mílíọ̀nù lọ́wọ́ Google lórí rẹ̀ ní 2022. Texas dá ẹjọ́ tirẹ̀ pè lórí èyí àti ọ̀ràn mìíràn, Google sì gbà láti san $1.375 bílíọ̀nù ní 2025.

Ti Incognito, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì nínú Chrome, náà ò yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí àwọn bá ti ṣí i, ẹnikẹ́ni ò rí àwọn mọ́. Lẹ́yìn ẹjọ́ tí wọ́n pè é pé ó ṣì ń kó ìsọfúnni wọn jọ níbẹ̀, Google gbà ní 2024 láti pa àìmọye bílíọ̀nù àkọsílẹ̀ rẹ́.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: ní òpin 2023, Google kéde pé àkọsílẹ̀ ibi téèyàn lọ á kúrò lórí kọ̀ǹpútà àwọn, á máa wà lórí fóònù oníkálukú. Irú àtúnṣe tí mo ń béèrè nìyẹn, nítorí ohun tí kò sí lọ́wọ́ wọn, ọlọ́pàá ò lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ta?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà sí ohun tí ọ̀pọ̀ ò retí.

Wọ́n ti iMessage, àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn oníPhone fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, pa láti ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ dé ọwọ́ ẹni tó gbà á. Apple ò lè kà á lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tan iCloud Backup, ìyẹn ẹ̀dà ohun inú fóònù yín tó ń lọ sórí kọ̀ǹpútà Apple, bí ọ̀pọ̀ oníPhone ṣe ń ṣe, kọ́kọ́rọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ yín ń bá backup yẹn lọ, kọ́kọ́rọ́ backup náà sì wà lọ́wọ́ Apple. Bí ilé ẹjọ́ bá fún ìjọba ní ìwé àṣẹ, Apple lè ṣí i. Oògùn rẹ̀ ni Advanced Data Protection, tó jáde ní Amẹ́ríkà lóṣù kejìlá 2022, tó sì dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní 2023. Tẹ́ ẹ bá tàn án, ẹ̀yin nìkan lẹ ní kọ́kọ́rọ́ backup, fọ́tò àti nóòtì yín. Pípa ló wà látilẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ máa lọ tàn án.

Lórí Android, láti ìgbà Android 9 ní 2018, backup áàpù àti ètò inú fóònù ni wọ́n ń fi PIN ojú fóònù yín tì, Google fúnra rẹ̀ ò sì lè ṣí i. Ẹ ò ní láti lọ tan nǹkan kan. Lórí kókó yìí, Google ṣe dáadáa ju Apple lọ, n kì í sì í gbọ́ kí àwọn tó ń jà fún Apple mẹ́nu bà á. Àmọ́ Google Photos, Drive àti Gmail ò sí lábẹ́ ààbò yìí. Kọ́kọ́rọ́ wọn wà lọ́wọ́ Google, ì báà jẹ́ Pixel tàbí iPhone lẹ fi ń wọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà nílùú ọba, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Lóṣù kejì 2025, Apple yọ Advanced Data Protection kúrò fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Britain, lẹ́yìn tí ìròyìn jáde pé ìjọba ibẹ̀ fi òfin Investigatory Powers Act ti 2016 pàṣẹ ìkọ̀kọ̀ fún un pé kó ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn sílẹ̀ tí wọ́n á fi lè wo nǹkan àwọn èèyàn. Apple ò ṣe ọ̀nà ẹ̀yìn náà, mo sì kan sáárá sí i fún ìyẹn, bí mo ṣe kan sáárá sí i ní 2016 nígbà tó kọ̀ láti bá FBI ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n á fi já iPhone ẹni tó yìnbọn pa èèyàn ní San Bernardino ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, àbájáde rẹ̀ fún ẹni tó ń gbé Peckham ni pé ó sanwó iPhone pé, ààbò tó lágbára jù nínú rẹ̀ ò sì sí fún un. Bẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ máa ṣe backup sórí kọ̀ǹpútà yín, kẹ́ ẹ sì fi pásíwọ̀dù tì í.

Àwọn áàpù tó ń tẹ̀ lé wa kiri

Kò gba àròyé púpọ̀: iPhone ló borí. Láti oṣù kẹrin 2021 ni áàpù ti gbọ́dọ̀ béèrè kó tó lè máa tọpa yín láti áàpù kan bọ́ sí òmíràn, ẹ sì lè tẹ “Ask App Not to Track”. Facebook fúnra rẹ̀ ní èyí á bu nǹkan bíi $10 bílíọ̀nù kúrò nínú owó òun ní 2022, ẹ̀rí sì nìyẹn pé ó ṣiṣẹ́. Lórí Pixel, ẹ̀yin lẹ máa wọ Settings lọ wá ibi ìpolówó, kẹ́ ẹ pa advertising ID rẹ́, ìyẹn àmì tí àwọn olùpolówó fi ń dá fóònù yín mọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó wà.

Fóònù fúnra rẹ̀: bátìrì àti ọjọ́ orí

Àṣírí tó wà nínú fóònù tó ti kú ò wúlò fún yín, torí náà ẹ wo bátìrì.

Ní òpin 2017, Apple jẹ́wọ́ pé òun ń dín ìyára iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù, nígbà tí àwọn tó ni fóònù ò mọ̀. Àwọn míì ti lọ ra tuntun, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì tuntun ì bá tó wọn. Wọ́n sọ owó ìpààrọ̀ bátìrì kalẹ̀ láti $79 sí $29, wọ́n sì gbà láti san owó tó lè tó $500 mílíọ̀nù kí ẹjọ́ lè parí. Ohun rere kan jáde níbẹ̀: láti 2018, ẹ lè rí ìlera bátìrì nínú Settings.

Ti Pixel burú jù lórí ẹ̀rọ gan-an. Lóṣù kìíní 2025, update kan dín agbára bátìrì àwọn Pixel 4a kù. Bátìrì àwọn Pixel 7a kan náà ń wú. Nígbà tó di oṣù keje, Google fipá dín ti Pixel 6a kù torí pé ó ń gbóná. Google fún àwọn èèyàn lówó tàbí bátìrì ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n Google kì í ta Pixel ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó ra tirẹ̀ ní Computer Village ò ní ibi tó máa gbé e lọ. Ẹ má ra 4a, 6a tàbí 7a, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Lórí ọjọ́ orí, Pixel 8 tó jáde lóṣù kẹwàá 2023 ní ìlérí update ọdún méje, títí di 2030. Samsung ṣe irú ìlérí yẹn láti orí Galaxy S24. iPhone náà ń pẹ́: iPhone XR ti 2018, tó kún ìgboro Èkó, gba iOS 18 (iOS ni ètò tó ń darí iPhone) ní 2024, àmọ́ kò gba iOS 26 tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó fẹ́ ra XR nísinsìnyí ń ra fóònù tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń lọ.

Bẹ́ ẹ bá ń ra UK used

iPhone ló rọrùn láti yẹ̀ wò. Ẹ wọ Settings, General, About. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ojú rẹ̀ tàbí bátìrì, ẹ máa rí Parts and Service History níbẹ̀. Bó bá kọ “Unknown Part”, ẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ojúlówó, ẹ sì dúnàádúrà dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á pa gbogbo nǹkan inú rẹ̀ rẹ́ lójú yín, kẹ́ ẹ tan fóònù náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá béèrè Apple Account (tó ń jẹ́ Apple ID tẹ́lẹ̀) ẹlòmíràn, tàbí kí Pixel béèrè akáǹtì Google tẹ́lẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Ẹ má gba “bọ́ọ̀dá, màá bá yín já a lọ́la.”

Èwo ni kẹ́ ẹ rà?

Bẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹni tí kì í fọwọ́ kan Settings, tàbí pé ìyá yín ni fóònù náà wà fún, ẹ ra iPhone 13 sókè, kẹ́ ẹ bá wọn tan Advanced Data Protection kẹ́ ẹ tó gbé e lé wọn lọ́wọ́. Bẹ́ ẹ bá lè jókòó fún ọ̀sán kan kẹ́ ẹ pa Web & App Activity àti advertising ID, Pixel 8 tàbí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ tó yín, owó yín á sì pẹ́ nínú rẹ̀. Akọ̀ròyìn àti agbẹjọ́rò tó ní ìdí láti bẹ̀rù, Pixel ni kí wọ́n rà, torí orí rẹ̀ ni wọ́n ti lè lo GrapheneOS, irú Android mìíràn tí kò ní iṣẹ́ Google kankan nínú látilẹ̀. Àmọ́ áàpù báǹkì míì kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ ṣí WhatsApp lọ́jọ́ náà: Settings, Chats, Chat backup, End-to-end encrypted backup. Láti 2021 ló ti wà, pípa sì ni wọ́n fi sí. Bẹ́ ò bá tàn án, backup ọ̀rọ̀ yín tó wà lórí iCloud tàbí Google Drive ò ní kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ tiyín nìkan. Ẹ kọ pásíwọ̀dù rẹ̀ sórí ìwé, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ sílé, torí bó bá sọnù, WhatsApp ò lè bá yín ṣí i.