Àwọn ètò ọ̀fẹ́ tó yọ kọ̀ǹpútà mi nínú ewu, àti èyí tí mo fi ń ṣe wẹ́búsáìtì

Láptọ́ọ̀pù mi ti di ìgbín. Mo lè tàn án láàárọ̀, kí n lọ wẹ̀, kí n wọṣọ, kí n padà wá bá a níbi tó ṣì ti ń pòòyì. Òun náà sì ni mo fi ń ṣe wẹ́búsáìtì, kò sí òmíràn.

Ètò tí mo kọ́kọ́ sáré gbà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. "Ọ̀fẹ́" ni wọ́n kọ sí i lára gàdàgbà. Ó tú inú kọ̀ǹpútà wò fún ìṣẹ́jú méjì, ó ní àṣìṣe tó lé ní ẹgbẹ̀rún ló wà níbẹ̀, ó fi pupa kọ ọ́, ó wá ní kí n sanwó kí òun tó tún un ṣe. Àṣé àyẹ̀wò ló jẹ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn kọ́! Irú àṣìṣe wo gan-an? Kò sọ. Mo yọ ọ́ dànù. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ni mo fi ń dán ètò ọ̀fẹ́ wò: ṣé yóò fi ohun tó rí hàn mí kó tó fọwọ́ kàn án?

WinDirStat ló kọ́kọ́ yege. Kò ṣèlérí pé òun yóò mú nǹkan yára. Ó kàn ń ya àwòrán ohun tó wà lórí dísíkì ni: fáìlì kọ̀ọ̀kan di àpótí kan, bí fáìlì bá ṣe tóbi tó ni àpótí rẹ̀ ṣe ń fẹ̀ tó, irú fáìlì kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí mi ti tú. Fọ́tò kan náà wà nínú fódà mẹ́rin, torí "jẹ́ kí n tọ́jú ẹ̀dà kan síbí ná" ti di orin lẹ́nu mi. Ó máa ń pẹ́ kó tó ka dísíkì ńlá tán o. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó lo WizTree: tábìlì tí Windows ń kọ orúkọ gbogbo fáìlì sí lórí dísíkì NTFS (ọ̀nà tí Windows sábà ń gbà to fáìlì sórí dísíkì) ló ń kà tààrà, kì í wọ fódà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n CrystalDiskInfo ni mo jẹ ní gbèsè jù. Háàdì dísíkì máa ń ṣàkọsílẹ̀ ìlera ara rẹ̀, S.M.A.R.T. ni wọ́n ń pè é, ètò kékeré yìí sì ń kà á síta. Búlúù túmọ̀ sí pé ara le, yẹ́lò ní kí o ṣọ́ra, pupa ní ó ti bàjẹ́. Tèmi yọ yẹ́lò. Ìlà tó ń fa wàhálà ni Current Pending Sector Count, ìyẹn iye ojú ibi tí dísíkì gbìyànjú láti kà tí kò rí kà, tó ṣì ń dúró kó mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Ètò náà kò lè tún nǹkan kan ṣe, kò sì díbọ́n pé òun lè tún un ṣe. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kó gbogbo iṣẹ́ mi sórí dísíkì mìíràn, lẹ́yìn náà mo pààrọ̀ èyí tó ń ṣàìsàn sí SSD, irú dísíkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, tó sì yára ju háàdì dísíkì lọ. Kí n má parọ́, SSD yẹn ló mú láptọ́ọ̀pù mi yára, kì í ṣe ètò kankan tó ń gbá pàǹtírí fáìlì dànù.

BleachBit ni mo fi ń gbálẹ̀ báyìí. Ó ní bọ́tìnì tó ń fi fáìlì tó fẹ́ pa hàn ọ́ kó tó pa á. Ẹ lò ó o! Mo fi ìkánjú máàkì gbogbo àpótí tó wà lábẹ́ Firefox, àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà tí mo ti tọ́jú sì bá ilẹ̀ lọ. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ní ti wẹ́búsáìtì, GIMP, ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ń bá mi dín fọ́tò kù. Ojú ewé mi kò lò ju píksẹ́lì 800 lọ ní ìbú, èmi sì ń gbé fọ́tò píksẹ́lì 4000 síbẹ̀, mo tún ń ráhùn pé ojú ewé kì í tètè ṣí. Bí mo bá ti dín in kù tán, mo máa ń sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́ fún wẹ́búsáìtì. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Save kì í fúnni ju XCF, irú fáìlì ti GIMP fúnra rẹ̀, lọ. Export ni kí ẹ wá.

Notepad++ ni mo fi ń kọ kóòdù, ó ti wà láti 2003, kò sì wúwo rárá. Òun ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nípa àmì ohùn. Mo gbé ojú ewé Yorùbá kan sórí sáfà, gbogbo "ẹ" sì di "ẹ". Fáìlì mi kò ní àìsàn, UTF-8 ni, ọ̀nà ìkọ fáìlì tó gba gbogbo lẹ́tà Yorùbá; èmi ni mo gbàgbé láti kọ <meta charset="utf-8"> sókè rẹ̀, aṣàwákiri (browser) sì méfò. Bí fáìlì tiyín bá jẹ́ ANSI (ọ̀nà àtijọ́ tí kò gba gbogbo lẹ́tà), Convert to UTF-8 ni kí ẹ tẹ̀ nínú Encoding, kì í ṣe UTF-8 lásán, torí ìyẹn kì í yí fáìlì padà, ó kàn ń tún un kà lọ́nà mìíràn ni.

Àmọ́ ohun kan ṣì kù tí n kò tíì borí. "Ẹ̀" kò ní kóòdù ẹyọ kan: lẹ́tà ló wà lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀. Ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ fi ohùn sí i, kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú Notepad++, méjì ni. Nítorí náà bí mo bá ń wá "ẹ̀kọ́" nínú fáìlì tí ẹlòmíràn tẹ̀, tí ó ní kò sí, mo máa ń ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà láti inú fáìlì yẹn gan-an, kí n tún un wá lẹ́ẹ̀kejì.