Epson R-D1 àbí Leica M8: èwo ni kéèyàn mú?

Ọdún 2004 ni Epson gbé R-D1 jáde, òun sì ni kámẹ́rà rangefinder onídíjítà àkọ́kọ́, ìyẹn irú kámẹ́rà téèyàn ń fọwọ́ yí lẹ́ńsì rẹ̀ títí àwòrán méjì tó ń rí nínú ihò ìwòran á fi bọ́ sórí ara wọn, kí fọ́tò lè mọ́ kedere. Leica M8 tẹ̀ lé e ní 2006. Tó bá jẹ́ iye píksẹ́lì lẹ̀ ń wò, ọ̀rọ̀ ti parí: mílíọ̀nù 6 ni ti Epson, ti Leica lé ní mílíọ̀nù 10.

Àmọ́ ẹ gbé R-D1 sójú ná. Bí nǹkan ṣe tóbi tó lójú lásán ló ṣe rí nínú ihò tá a fi ń wòran, ẹ lè la ojú méjèèjì sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa yàwòrán lọ. Irin kékeré kan wà lókè tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi àtàǹpàkò fà kẹ́ ẹ tó ya òmíràn, bíi pé fíìmù ló wà nínú rẹ̀! Abẹ́rẹ́ bíi ti aago ló ń sọ iye àwòrán tó kù. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

M8 ò ní irú eré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó péye jù láti mú kí fọ́tò mọ́ kedere tó bá kan lẹ́ńsì gígùn, tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra, bíi ti mìlímítà 90. Aṣọ dúdú ni ìṣòro rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí ojú wa ò lè rí, máa ń ráyè wọlé, kóòtù dúdú tí kì í ṣe òwú á wá di elésè àlùkò nínú fọ́tò, àfi tẹ́ ẹ bá fi gíláàsì asẹ́ bo ojú lẹ́ńsì. Tó bá jẹ́ fọ́tò dúdú-àti-funfun lẹ fẹ́, ìyẹn ò kàn yín.

Fún iṣẹ́, M8. Fún ìgbádùn, R-D1 lèmi á gbé jáde.