Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra àwo jáàsì: Blue Note tí wọ́n pè ní ojúlówó, irọ́ ni!

Ẹ̀yin ará, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun ní àwo Art Blakey, onílù jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, The African Beat, ojúlówó tí ilé-iṣẹ́ àwo Blue Note tẹ̀ ní 1962, ẹ má sanwó títí ẹ ó fi rí àwòrán ibi òfìfo tó yí lébẹ́ẹ̀lì ká, níbi tí abẹ́rẹ́ máa ń sá sí bí orin bá ti tán. Ẹ má sanwó! Wọ́n ti gba $480 lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀ pé ẹni tó gbà á ṣì ń wá ẹlòmíràn tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé nítorí àwo lásán ni mo ṣe ń pariwo. Ní January 1962 ni Blakey kó àwọn onílù jọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ Rudy Van Gelder ní Englewood Cliffs, New Jersey. Yusef Lateef wà níbẹ̀, Curtis Fuller wà níbẹ̀, àwọn gbajúmọ̀ olórin jáàsì ni wọ́n, Solomon Ilori, onílù Yorùbá tiwa, náà sì wà níbẹ̀. Àdúrà Ilori ni wọ́n fi ṣí àwo náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Blue Note ní kó wá ṣe tirẹ̀, ìyẹn African High Life, nọ́ńbà 4136. Mo ti ní 4136. 4097, tí í ṣe ti Blakey yìí, ló kù tí mò ń wá, kí méjèèjì lè wà pọ̀ nínú ilé mi, kí àwọn ọmọ mi lè mọ̀ pé èèyàn wa ti wà nídìí orin yìí láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọmọ Yorùbá ni ẹni tó lù mí ní jìbìtì. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo kọ ọ́ síta pé mò ń wá àwo yìí, kò pẹ́ ló ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi.” Ó ní bàbá òun ló rà á ní New York nígbà tó ń kàwé, pé bàbá náà ti di olóògbé, àwọn ẹrù rẹ̀ sì ń jìyà nínú gáréèjì. Mo bá a kẹ́dùn. Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, ó ní àmín. Ó ní àmín o! Ó ń ṣe àmín sí àdúrà tí mò ń gbà fún òkú tí mi ò mọ̀ bóyá ó wà rí.

Ó fi àwòrán ránṣẹ́. Iwájú páálí, ẹ̀yìn páálí, lébẹ́ẹ̀lì ojú kìíní àti ojú kejì, gbogbo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo sì béèrè ohun tó yẹ kí n béèrè. Mò ń sọ èyí nítorí àwọn tí yóò sọ pé ojúkòkòrò ló sún mi dé ibẹ̀. Mo béèrè! Mo ní: “Àbúrò, jọ̀ọ́, ya àwòrán etí fún mi.” Ẹni tó ń ra Blue Note mọ ohun tí à ń pè ní etí: àmì kékeré kan ni, ó jọ lẹ́tà P tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, Plastylite tó ń bá Blue Note tẹ àwo ló máa ń fi sí ibi òfìfo yẹn. Nígbà tí Liberty, ilé-iṣẹ́ àwo mìíràn, ra Blue Note ní àárín àwọn ọdún 1960, etí bá ibẹ̀ lọ. Àwo tí wọ́n bá pè ní ti 1962 tí kò ní etí, ẹ fura sí i.

Kí ni ó fi dá mi lóhùn? Ó ya ibi tí wọ́n tẹ VAN GELDER sí, ó ní ẹ̀rí nìyẹn. Ó ní fóònù òun kò lè gbé etí jáde, ṣùgbọ́n òun fi ojú ara òun rí i. Mo mọ̀ pé orúkọ Van Gelder kì í ṣe ẹ̀rí, torí Liberty lo àwọn irin tí wọ́n ṣe láti ara àwo tí Van Gelder gé láti fi tẹ tiwọn, orúkọ rẹ̀ sì ṣì wà lórí púpọ̀ nínú wọn. Mo mọ̀ ọ́n! Mo tún sanwó. Ó bẹ̀ mí pé kí n gba ọ̀nà tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí, kí wọ́n má baà yọ nínú owó òun, mo sì gbà. Ẹ má bú mi. Ẹni tó ń pe èèyàn ní ẹ̀gbọ́n, tó ń sọ̀rọ̀ ikú bàbá rẹ̀, ta ni yóò sọ fún un lójú pé òun kò gbà á gbọ́? Bí àjèjì bá ni, n kì bá tí sanwó bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ohun tó fi mú mi nìyẹn.

Ọjọ́ tí àwo dé, mo pe ìyàwó mi kó wá jókòó kí a jọ gbọ́ àdúrà Ilori. Páálí rẹ̀ ti pẹ́ lóòótọ́, mi ò ní purọ́. Mo fa àwo yọ. Àtẹ́lẹwọ́ mi yọ̀ mọ́ ọn, ó ti fi nǹkan olóròóró kan pa á kó lè máa dán. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ họ láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín. Mo wo lébẹ́ẹ̀lì. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gbangba: “A Division of Liberty Records, Inc.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò sí nínú àwòrán tó fi ránṣẹ́ sí mi! Báwo ni ọ̀rọ̀ Liberty ṣe máa wà lórí àwo 1962, nígbà tí Liberty kò tíì ra Blue Note? Mo wá etí yíká, ojú kìíní, ojú kejì. Kò sí. Mo ṣì gbé e sórí ẹ̀rọ. Ariwo tata-tata bo àdúrà mọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ sì fò. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan, ó dìde, ó lọ sí kíṣìnnì. Ojú tì mí.

Mo kọ̀wé sí i. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, páálí ni mo ní ó jẹ́ ojúlówó.” Páálí! Ta ló ń fi $480 ra páálí? Mo ní kó dá owó mi padà, kó wá gba àwo rẹ̀. Ó bùlọ́ọ̀kù mi. Ìgbà tí mo wá gbé àwòrán lébẹ́ẹ̀lì yẹn sórí Google, ibòmíràn ló ti jáde, lára àwo tí ẹlòmíràn ti tà tipẹ́tipẹ́.

Ẹ béèrè etí. Bí wọ́n bá ní fóònù kò gbé e, ẹ ní kí wọ́n fi iná tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò hàn. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ yín sórí bébà, kí wọ́n gbé e sórí àwo kí wọ́n tó ya á. Ẹ wá àwòrán náà lórí Google kí ẹ tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn. Ẹ má sì gba ọ̀nà ọ̀rẹ́ àti ẹbí láéláé, owó ibẹ̀ kì í padà.

Èmi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mo tún lè gbà gbọ́ mọ́. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù náà ń kọ VG+, àmì pé àwo ṣì dára gan-an, sára àwo tí ojú rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn tó ń sọ pé “èmi ò mọ̀ nípa àwo, ti bàbá àgbà ni” sì mọ iye rẹ̀ dé orí kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ “ogún bàbá mi” yìí, bí mo bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta nǹkan, mi ò ní dá a lóhùn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí èmi àti ẹni yìí bára wa sọ wà lọ́wọ́ mi, àwòrán wọ̀nyẹn náà wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fi “ẹ̀gbọ́n mi” àti gáréèjì bàbá olóògbé bẹ̀ yín wò, ẹ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kí a fi àwòrán tiyín wé tèmi. Mo ti gbọ́ pé ó tún ń sọ̀rọ̀ kiri nípa àwo Sonny Clark, oní-dùùrù Blue Note.