Impact Factor àbí CiteScore: èwo ni ká wò?
Òṣùwọ̀n ni méjèèjì, wọ́n ń fi bí àwọn olùwádìí ṣe ń tọ́ka sí jọ́nà (ìwé ìròyìn ìwádìí) tó hàn. Impact Factor ti ilé iṣẹ́ Clarivate ń wo bí wọ́n ṣe tọ́ka lọ́dún kan sí àpilẹ̀kọ ọdún 2 tó ṣáájú. Tí jọ́nà bá gbé àpilẹ̀kọ 50 jáde láàárín ọdún 2 yẹn, tí wọ́n tọ́ka sí wọn nígbà 100, 2.0 nìyẹn. CiteScore ti ilé iṣẹ́ Elsevier ń lo ọdún 4, látinú Scopus, ìyẹn àkójọ àpilẹ̀kọ ìwádìí tiwọn.

Ní ti owó, ọ̀fẹ́ ni CiteScore, àmọ́ yunifásítì ló sábà máa ń sanwó kéèyàn tó rí gbogbo ti Clarivate. Ewu wà nínú méjèèjì o, àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo tó lókìkí lè gbé jọ́nà kékeré sókè, ọdún 2 yẹn ló sì ń tètè mì jù, ẹ má sì fi jọ́nà ìṣirò wé ti ìṣègùn rárá.

Tí ìgbìmọ̀ ìgbéga bá ní Impact Factor làwọn fẹ́, òun náà ni kẹ́ ẹ mú. Tí ìtọ́kasí bá máa ń pẹ́ dé nínú ẹ̀ka yín, CiteScore á gbè yín jù.