Gààrí mi dà? Ọjọ́ mẹ́rin nínú Grand Canyon pẹ̀lú amọ̀nà

Bí kì í bá ṣe ti gààrí ni, mi ò bá má kọ nǹkan kan. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Aago márùn-ún ìdájí, etí ọ̀gbun Grand Canyon ní Arizona, òtútù ń gún wa bí abẹ́rẹ́, iná tá a dè mọ́ orí la fi ń ríran. Amọ̀nà wa, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, tú ẹrù mi sílẹ̀ lórí tapólì bí ìgbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù bá mú onífàyàwọ́ ní Sẹ̀mẹ̀. Ó fi òṣùwọ̀n oníkọ́ gbé báàgì mi sókè, ó wo nọ́ńbà, ó súfèé. Pọ́n-ùn 41. Ó ní, "Èyí ò lè bá wa sọ̀ kalẹ̀ o, mà." Ọmọ mi ló kọ́ ọ ní "mà" yẹn nínú ọkọ̀ nígbà tá à ń bọ̀ láti Flagstaff, ó sì fi ń bá mi jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ẹni ọdún 53 ni mí. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ìrìn tí mò ń rìn kò sì kọjá wọ́ọ̀dù sí wọ́ọ̀dù. Ọmọ mi ọkùnrin ló fẹ́ràn òkè àti àgọ́, ọdún mẹ́ta gbáko ló fi bẹ̀ mí: "Mọ́mì, ẹ ò lè máa ti ibi iṣẹ́ bọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ tún ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ́ sí ibi iṣẹ́ títí ayé." Mo gbà fún un. A rí àwọn kan tó máa ń mú èèyàn wọ inú àfonífojì náà, dọ́là 1,450 lórí ẹnì kan, wọ́n á gba ìwé àṣẹ, wọ́n á pèsè àgọ́, oúnjẹ àti amọ̀nà. Àpò tá a máa wọ̀ sùn nìkan la tún háyà lọ́tọ̀, dọ́là 60. Ẹ fi 60 yẹn sọ́kàn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pe ọ́fíìsì wọn kó tó di ọjọ́ ìrìn. Ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé ló gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo béèrè nípa oúnjẹ, torí ikùn mi kì í gba gbogbo nǹkan. Ó ní, "Ẹ gbé oúnjẹ tí ara yín bá gbà dání, kò séwu." Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ àti aago. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ohun tí o ò bá kọ sílẹ̀, o ò ṣe é.

Ìdí nìyẹn tí gààrí Ìjẹ̀bú fi wà nínú báàgì mi, kóńgò kan gbáko, tí àbúrò mi obìnrin gbé wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó fúnra rẹ̀. Gààrí tó kan, tó gbẹ, tó jẹ́ pé bí o bá da omi sí i, á máa dún ṣìnkìn lábẹ́ eyín. Ṣúgà wà níbẹ̀, mílíìkì wà níbẹ̀, ìkòkò kékeré kan, ìró Ànkárá méjì, Bíbélì oníkọ̀wé gàdàgbà, Aboniki, sálúbàtà, àti ike kúlíkúlí kan.

Ọmọbìnrin náà ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú ìkòkò, ó fi sí ọwọ́ òsì, níbi ohun tí kò ní bá wa lọ. Ìró kan, ọwọ́ òsì. Sálúbàtà, ọwọ́ òsì. Ó gbé Bíbélì, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó wo ojú mi, ó rọra dá a padà síbi tó ti mú un. Aboniki, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kí n gbé ìyẹn dání dájú. Ó wá kan gààrí. "Kí ni ìyẹ̀fun yìí?" Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi dáadáa, ó mi orí, ó fi gààrí sí ọwọ́ òsì.

Mo ní ọ́fíìsì yín ló ní kí n gbé e wá, mo sì ka ọjọ́ àti aago rẹ̀ fún un. Ó ní, "Ọ́fíìsì kọ́ ló máa rù ú, mà."

Inú bí mi débi pé mo gbàgbé òtútù. Kì í ṣe pé ó purọ́, ó mọ ohun tó ń sọ: kò sí ẹ̀kán omi kan lójú ọ̀nà South Kaibab tá a fẹ́ gbà, omi tí kálukú máa mu títí dé ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa fi pọ̀n ọ́n, lítà mẹ́rin fún èmi, omi sì wúwo ju ọ̀rọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ọmọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo òkè bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Wọ́n di gààrí mi sínú ọ̀rá, wọ́n kọ orúkọ mi sí i, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n kẹ́yìn sí mi, mo ti ike kúlíkúlí bọ inú ìbọ̀sẹ̀, mo ki ìbọ̀sẹ̀ bọ inú àpò ìsùn.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrìn náà, pẹ̀lú ìbínú àti kúlíkúlí.

Ìsọ̀kalẹ̀ náà? Máìlì méje, bíi 4,800 ẹsẹ̀ bàtà sí ìsàlẹ̀, orúnkún mi sì ka gbogbo rẹ̀. Àwòrán tẹ́ ẹ ti rí ò parọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí àwòrán ò sọ ni pé ìtọ̀ ìbaaka ń rùn lójú ọ̀nà. Ìbaaka ló ń gbé ẹrù àti èèyàn, àwọn ló sì ni ọ̀nà: bí wọ́n bá ń bọ̀, o máa fẹ̀yìn ti ògiri òkúta, wàá dúró jẹ́ẹ́ títí ẹni tó ń dà wọ́n á fi ní kó o máa lọ. Amọ̀nà wa ti ń gbọ́ wọn kí èmi tó gbọ́ ohunkóhun. Gbogbo ìgbà tí a bá dúró, ó máa ń wá wo ẹsẹ̀ mi. Ó rí ibi tí bàtà ti ń bó mi kí èmi fúnra mi tó mọ̀, ó kúnlẹ̀ nínú eruku, ó lẹ pílásítà mọ́ ọn. Mi ò dá a lóhùn. Mo ṣì ń bínú.

Nítòsí odò Colorado, ó fi ọwọ́ mi lé òkúta dúdú kan tó ń dán, tí wọ́n ń pè ní Vishnu, ó ní ó ti tó nǹkan bí bílíọ̀nù 1.7 ọdún, bẹ́ẹ̀ sì ni òkúta etí òkè tá a ti ń bọ̀ kò ju mílíọ̀nù 270 lọ. Pásítọ̀ mi àti èmi á sọ̀rọ̀ nípa ìyẹn nílé. Lórí afárá Black Bridge ló ti sọ ìtàn tí mi ò lè gbàgbé. Ní 1928 tí wọ́n ń kọ́ afárá náà, okùn irin ńláńlá tó gbé e ró wúwo ju ohun tí ìbaaka lè gbé lọ. Àwọn ọkùnrin 42, tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Havasupai, ló tò tẹ̀lé ara wọn, wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n rìn ín dé ìsàlẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba lé Havasupai tó gbẹ̀yìn kúrò lórí ilẹ̀ tí àwọn baba rẹ̀ ń ro nínú àfonífojì yẹn, ibi tá a máa sùn sí lálẹ́ ọjọ́ kẹta. Indian Garden ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí di 2022 tí wọ́n yí i padà sí Havasupai Gardens. Kò fi omijé sí i. Ó sọ ọ́, ó sì ní ká máa lọ. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti kọ́kọ́ dẹ̀ díẹ̀.

Oúnjẹ wọn wá tún mú un padà. Oúnjẹ inú ọ̀rá, wọ́n á da omi gbígbóná sí i, wọ́n á ní kó o dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dúró. Kò yí padà. Àwọn ìpápánu tó dà bí súìtì tí wọ́n ń há fún wa lọ́sàn-án, dídùn lórí dídùn. Mo ń ronú gààrí. Àpò ìsùn tí mo háyà ní dọ́là 60, síìpù rẹ̀ ti kú láti ìdajì. Ìsàlẹ̀ máa ń gbóná ju òkè lọ, ó lè fi 20 sí 30 lórí Fahrenheit jù ú, nítorí náà òtútù ò pa mí lálẹ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tá a padà gòkè dé Havasupai Gardens, ìró kan tó kù ni mo fi bo ara mi.

Ọjọ́ kejì, ìsinmi. Mo na ẹsẹ̀ sínú omi odò kékeré tó ń jẹ́ Bright Angel Creek, mo sì mu lemonade méjì ní Phantom Ranch, ilé ìgbàlejò tó wà ní ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń ta káàdì tí ìbaaka máa ń gbé gòkè, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí i pé ìsàlẹ̀ Grand Canyon ló ti wá. Mo kọ ọ̀kan sí àbúrò mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó: "Wọ́n mú gààrí rẹ lẹ́nu ọ̀nà." Kò tíì dé.

Ọjọ́ kẹta wá. Ẹ jẹ́ kí n jókòó kí n tó sọ èyí.

À ń gòkè lọ́nà Bright Angel, ibi kan wà tí ọ̀nà ti ń lọ́ sọ́tùn-ún lọ́ sósì lára ògiri, wọ́n ń pè é ní Devil's Corkscrew. Oòrùn ti là. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti ń mu omi bí ẹja, torí ẹ̀rù ń bà mí pé omi ara mi á gbẹ, mi ò sì jẹun torí oúnjẹ wọn ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Èébì ń gbé mi. Mo ní oòrùn ni. Mo tún gbé omi sẹ́nu.

Ọmọbìnrin náà di ọwọ́ mi mú. Kò wo ojú mi, ìka mi ló ń wò. Òrùka ìgbéyàwó mi ti rì sínú ẹran. Ó ní, "Mà, ẹ gbé omi yẹn sílẹ̀." Ó mú mi lọ sábẹ́ ìbòòji òkúta kan, ó gba báàgì mi. "Ìgbà mélòó lẹ ti tọ̀ láti àárọ̀? Àwọ̀ wo ni?" Ìbéèrè tí mo fi ń jẹun ló ń bi mí! Mo ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, funfun bí omi ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé èmi náà, ojú sì tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi ìkòkò ọbẹ̀: omi ti pọ̀ lára mi, iyọ̀ ti lọ sílẹ̀. Èmi tí mo ń ka iye iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn lóròòru. Bí wọ́n bá ní kí n máa mumi lọ, gìrì ló lè kàn.

Ó fún mi ní ìpápánu oníyọ̀ kan, gbígbẹ, lílọ́ bí okùn. Mo jẹ ẹ́, mo pọ̀ ọ́. Ó fún mi ní òmíràn, kò lọ. Mo wo ọmọ mi. Ojú ọmọ náà ti pọ́n. Mo ní, "Lọ tú àpò ìsùn mi, wo inú ìbọ̀sẹ̀."

Kúlíkúlí jáde. Oníyọ̀, oníata. Amọ̀nà wo ike náà, ó wo èmi, ó mọ̀ pé mo fi pamọ́ fún òun. Mo ń dúró kó bú mi. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, ó na ọwọ́: "Ẹ fún mi ní ọ̀kan." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ọmọdé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì tá a fi jókòó síbẹ̀. Kò wo aago lẹ́ẹ̀kan. Àwọn mẹ́rin yòókù tá a jọ ń lọ ti ń kùn, ó ní kí wọ́n wá ìbòòji tiwọn jókòó sí. Nígbà tí orí mi balẹ̀, ó pín ẹrù mi, ó gbé ìdajì lé tirẹ̀, ó rìn lẹ́yìn mi títí a fi dé àgọ́. Ọmọ ọdún 26 ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbàdúrà fún un, mo dárúkọ rẹ̀ ní kíkún.

Ọjọ́ kẹrin, máìlì mẹ́rin àbọ̀ gòkè, mo sọkún lẹ́ẹ̀kan, mo gòkè. Ìyẹn tó.

Lókè, ọkọ̀ mìíràn ló wá gbé wa. Mo ní gààrí mi ńkọ́? Awakọ̀ ò mọ nǹkan kan. Mo pe ọ́fíìsì, ọkùnrin olọ́rọ̀ kíákíá yẹn náà ló gbé e: wọ́n ti dà á nù. Ó ní wọ́n rí ìyẹ̀fun funfun nínú ọ̀rá, wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Orúkọ mi wà lára rẹ̀! Kóńgò kan gààrí Ìjẹ̀bú, nínú ilé ìdọ̀tí ní Flagstaff! Mo béèrè owó síìpù, dọ́là 60. Ó ní kí n kọ lẹ́tà. Mo kọ mẹ́ta. Ìkẹta ni wọ́n dáhùn: wọ́n fún mi ní ẹ̀dínwó dọ́là 25 lórí ìrìn mìíràn. Ìkòkò mi wá nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, láìsí ìdérí.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ìlà ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló wà, mi ò lè fún amọ̀nà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ti san àsansílẹ̀ fún oṣù kẹwàá ọdún tó ń bọ̀, mo yọ dọ́là 25 wọn kúrò níbẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọmọbìnrin yẹn ni mo fẹ́, bí kò bá sí, kí wọ́n dá owó mi padà. Kúlíkúlí ike méjì ni mò ń gbé bọ̀. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀.